Èròjà Adènà-Iná: Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbà Jáde

Láyé àtijọ́, koríko tí a fi bo ilé ni ó ń ba onílé lẹ́rù jù nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan fi ń fi amọ̀ rẹ́ àjà, kí iná tí ó bá ran òrùlé má baà rí ọ̀nà wọ inú yàrá tí ọmọ àti ẹrù wà. Amọ̀ kì í jó; ìyẹn ni gbogbo ọgbọ́n náà. Ní òde òní, páànù ti gba ipò koríko, ṣùgbọ́n ohun tí ń jó ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé wá sínú yàrá. Tìmùtìmù tí a ń jókòó lé, àpótí tẹlifíṣọ̀n, ike tí ó bo wáyà iná mànàmáná, kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fèrèsé, epo rọ̀bì ni a fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí ó bá wí pé orí epo tí ó dì ni òun jókòó lé kò purọ́. Bí ògúnná kan bá já bọ́ sórí irú tìmùtìmù bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí ohun tí yóò dá a lọ́wọ́ kọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yàrá náà yóò fi di ààrò.

Ohun tí àwọn oníléeṣẹ́ ń pò mọ́ ike, fóòmù àti aṣọ kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ ni a ó máa pè ní èròjà adènà-iná. Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà bí a kò bá ṣe àlàyé rẹ̀. Kì í ṣe oògùn tí ń sọ ohun tí ń jó di ohun tí kì í jó. Bí iná bá ti pọ̀ tó, ohun tí a fi èròjà yìí sí yóò jó gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó jẹ́ kí ohun náà lọ́ra láti gbiná, àti bí ó bá gbiná tán, kí iná náà má tètè ràn. Àǹfààní ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó ń fún ẹni tí ó sùn sínú ilé láti jí, kí ó gbé ọmọ, kí ó sì jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ ti gbà là, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí nígbà tí a bá dé ibi tí ìtàn náà ti korò.

Kí a tó mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí iná ti ń jó. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ igi inú ààrò yóò ṣàkíyèsí pé ọwọ́ iná kì í sábà lẹ̀ mọ́ ara igi gan-an. Àlàfo díẹ̀ a máa wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìdí ni pé kì í ṣe igi fúnra rẹ̀ ni ọwọ́ iná ń jẹ, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ooru lé jáde láti inú igi. Ooru fọ́ igi sí wẹ́wẹ́. Ohun tí ó fọ́ náà di afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná. Afẹ́fẹ́ yìí pàdé ọ́síjìn tí ó wà káàkiri, wọ́n dàpọ̀, wọ́n sì bí ooru tuntun. Díẹ̀ nínú ooru tuntun náà a padà sára igi láti lé afẹ́fẹ́ mìíràn jáde. Òbìrípo ni ọ̀ràn náà: ooru ń bí afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ń bí ooru. Bákan náà ni ti ike àti fóòmù, kìkì pé fóòmù yá ju igi lọ, nítorí ihò tí ó kún inú rẹ̀ ń gba ọ́síjìn láàyè káàkiri. Kò sí èròjà adènà-iná kan tí ènìyàn tíì ṣe tí kì í ṣe pé ibì kan nínú òbìrípo yìí ni ó ń gé.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe ti àná. Ní 1735, Obadiah Wyld gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àdàlù kan tí álọ́ọ̀mù àti bórásì wà nínú rẹ̀, èyí tí a lè fi rẹ aṣọ kanfasi àti ìwé kí wọn má tètè gbiná. Álọ́ọ̀mù yìí kan náà ni èyí tí a ń rà lọ́jà láti fi mú omi odò tòrò. Ṣùgbọ́n ìlú Paris ni a ti kọ́kọ́ fi ojú ìmọ̀ wo ọ̀ràn náà dáadáa. Nígbà náà, àbẹ́là àti fìtílà ni a fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí orí pèpéle eré, aṣọ ìkélé àti aṣọ àwọn eléré sì wà nítòsí wọn. Iná a máa ṣẹ́ yọ lemọ́lemọ́. Ọba Louis Kejìdínlógún bẹ Joseph Louis Gay-Lussac, onímọ̀ kẹ́mísìrì, kí ó wá nǹkan ṣe sí i. Ní 1821, Gay-Lussac fi hàn pé bí a bá rẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ sínú omi tí a po iyọ̀ amóníà kan tí ó ní fọ́sífọ́rọ̀sì, iyọ̀ amóníà mìíràn tí ó ní kílórínì, àti bórásì mọ́, aṣọ náà kì í gbiná wẹ́rẹ́ mọ́. Ohun tí ó tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju àdàlù náà lọ ni àlàyé tí ó ṣe. Ó ní oríṣi iyọ̀ méjì ni ó wúlò fún iṣẹ́ yìí: èyí tí ń yọ́ nínú ooru tí ó sì ń bo okùn aṣọ bí dígí, àti èyí tí ń fọ́ nínú ooru tí ó sì ń tú afẹ́fẹ́ tí kì í jó jáde. Ó ti lé ní igba ọdún tí ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì tíì di irọ́.

Àbùkù kan ṣoṣo ni iṣẹ́ Gay-Lussac ní: omi ń fọ̀ ọ́ dànù. Aṣọ pèpéle eré kì í sábà rí omi, nítorí náà kò ni wọ́n lára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀ ńkọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣọ òwú onírun kan wà tí àwọn tálákà fi ń dáṣọ fún ọmọ wọn nígbà òtútù. Aṣọ náà móoru, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń gbiná bí ẹ̀tù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jó nínú rẹ̀ níwájú ibi ìyáná. William Henry Perkin kékeré, ọmọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe aró àtọwọ́dá, gba iṣẹ́ náà, nígbà tí ó sì fi di nǹkan bí 1912 ó ti rí ọ̀nà láti mú kí èròjà tí a yọ láti ara tánganran wọ inú okùn òwú kí ó sì jókòó síbẹ̀ bí aró ti ń jókòó sínú àdìrẹ. Ọṣẹ kò lè ṣí i nídìí. Láti ìgbà náà wá ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀ lé iṣẹ́ yìí kiri: èròjà náà yóò ha dúró síbi tí a fi í sí bí? Ìbéèrè náà yóò padà wá.

Nínú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò lónìí, èyí tí ó rọrùn jù láti yé ènìyàn ni ìyẹ̀fun funfun kan tí a ń rí nínú iṣẹ́ alumíníọ̀mù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alumíníọ̀mù háídrọ́ksáìdì. Bí a bá fọwọ́ kàn án, gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n omi fara pamọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹ̀fun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, bí a bá sì wọn 100 gíráàmù rẹ̀, nǹkan bí 35 ni yóò jáde gẹ́gẹ́ bí oru omi. Bí omi orí ààrò ti ń jẹ ooru kí ó tó hó, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun yìí ń jẹ ooru tí ìbá wọ inú ike, oru omi rẹ̀ sì ń bu omi là afẹ́fẹ́ tí ń jó. Nínú ike tí a fi ń bo wáyà ni a ti ń lò ó jù. Kò ní májèlé tí a lè tọ́ka sí, kò sì wọ́n. Ìyọnu rẹ̀ ni pé kékeré rẹ̀ kò ṣiṣẹ́: nígbà mìíràn a ní láti pò ó mọ́ ike títí yóò fi tó ìdá 60 nínú 100, ike náà yóò sì wúwo, yóò le, kò ní fẹ́ tẹ̀ mọ́. Ó dàbí ẹ̀kọ tí omi rẹ̀ kò tó.

Àwọn èròjà tí ó ní fọ́sífọ́rọ̀sì gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ooru bá dé, wọ́n a di ásíìdì, ásíìdì yìí a sì fa omi inú òwú tàbí fóòmù yọ, kí ó lè jẹ́ èédú nìkan ni yóò ṣẹ́kù lójú rẹ̀. Èédú náà ni asà. Abẹ́ rẹ̀ ni ohun tí kò tíì jó wà, ooru kò sì rọrùn láti gbà á kọjá. Ẹni tí ó bá ti rí bí èèpo èédú ti máa ń bo ojú ìtí igi ńlá tí iná kò lè jó dénú ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀.

Brómíìnì ni ó ṣòro jù láti ṣàlàyé, òun náà ni ó sì lágbára jù. Kò sí nínú ike ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, bí kò ṣe nínú ọwọ́ iná gan-an. Nínú ọwọ́ iná, àwọn ẹyọ háídrójìn kan wà tí wọ́n ti já kúrò lára ẹnìkejì wọn, tí wọ́n sì ń sáré kiri láti wá òmíràn. Àwọn asáré wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé iná lọ láti ibì kan dé ibòmíràn: ọ̀kan gbá ọ́síjìn mú, ó sì bí asáré méjì, méjì bí mẹ́rin. Bí brómíìnì bá wọ àárín wọn, yóò di asáré kọ̀ọ̀kan mú, yóò sọ ọ́ di ohun tí kò lè ṣe nǹkan mọ́, a sì tún lè dá òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ mú òmíràn. Mọ̀lẹ́bí brómíìnì mẹ́ta ni ìbá lè ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n flúóríìnì rọ̀ mọ́ káábọ́ọ̀nù jù, kì í jáde nígbà tí a bá nílò rẹ̀; áyódíìnì ní tirẹ̀ kì í dúró, ooru díẹ̀ ti tó kí ó sá lọ; kílórínì ń ṣe díẹ̀díẹ̀. Brómíìnì ni ó ń jáde ní àsìkò gan-an tí ike ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bí a bá fi èròjà antimónì díẹ̀ tì í lẹ́yìn, agbára rẹ̀ a tún pọ̀ sí i, nítorí àwọn méjèèjì a jùmọ̀ di afẹ́fẹ́ wíwúwo tí ó rọrùn láti gòkè sínú ọwọ́ iná. (Antimónì yìí ni ojúlówó tìróò àwọn ará àtijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjé ni a bá nínú ọ̀pọ̀ èyí tí a yẹ̀ wò lóde òní.) Nítorí náà, níbi tí a ti nílò ìdá 60 ti alumíníọ̀mù, ìdá 10 sí 15 ti brómíìnì lè tó fún àpótí tẹlifíṣọ̀n. Ike náà yóò fúyẹ́, yóò ṣeé rọ bí ó ti wù wọ́n. Kò yani lẹ́nu pé àwọn oníléeṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Wàyí o, a dé Michigan. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ náà ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní St. Louis, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Michigan Chemical Corporation wà. Omi iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà ní brómíìnì púpọ̀ nínú, òun ni ilé-iṣẹ́ náà sì ń lò. Ó ń ṣe èròjà adènà-iná kan tí ó sọ ní FireMaster, èyí tí a ń pò mọ́ ike tí a fi ń ṣe àpótí ẹ̀rọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣe magníṣíọ̀mù ọ́ksáìdì tí a ń fi sínú oúnjẹ màlúù kí wàrà wọn lè dára; ó sọ ìyẹn ní NutriMaster. Ẹ wo bí orúkọ méjèèjì ti jọra! Nígbà tí ó di 1973, àpò tí a tẹ àmì aláwọ̀ sí lára wọ́n, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà sínú àpò lásán tí a kọ orúkọ sí. Bí àpò FireMaster bí i mẹ́wàá sí ogún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó 50 pọ́n-ùn, ṣe bá ti NutriMaster lọ sí ilé ìlọ-oúnjẹ-ẹran nítòsí Battle Creek nìyẹn. Wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ, wọ́n sì tà á fún àwọn olùsìn màlúù káàkiri ìpínlẹ̀ náà.

Kí ọdún náà tó parí, màlúù Frederic Halbert kò jẹun mọ́. Wàrà wọn dínkù, irun wọn ń rẹ̀, pátákò wọn gùn kọjá àlà. Àwọn mìíràn lára àwọn olùsìn ẹran rí irú rẹ̀, a sì sọ fún wọn pé àìmọ̀ọ́tọ́jú ni ó fà á. Ṣùgbọ́n Halbert ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní yunifásítì kí ó tó padà sídìí màlúù bàbá rẹ̀. Ó fura sí oúnjẹ náà, ó kó o kiri láti ilé àyẹ̀wò kan dé òmíràn, ó sì ń fi owó ara rẹ̀ san án. Oṣù kẹrin 1974 ni onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn àgbẹ̀ ní Beltsville tó lè sọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn ni àwọn ará Michigan ń mu wàrà náà, tí wọ́n ń jẹ ẹran àti ẹyin náà. A ti oko tí ó lé ní 500 pa. Nǹkan bí 30,000 màlúù, mílíọ̀nù kan àbọ̀ adìyẹ àti nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ẹyin ni a parun; ihò ńláńlá ni a gbẹ́ ní Kalkaska láti sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹran náà. Nígbà tí a yẹ wàrà ọmú àwọn abiyamọ wò ní 1976, nínú 100 obìnrin tí ó wà ní apá ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, ó tó 96 tí a bá èròjà yìí nínú wàrà tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ.

Kí ni ó dé tí kò kúrò lára? Ìdáhùn náà wà nínú ohun tí a fi yìn ín. Ohun tí yóò gbé inú àpótí ẹ̀rọ fún ogún ọdún kò gbọdọ̀ jẹrà. Kò gbọdọ̀ yọ́ nínú omi. Oòrùn àti ooru díẹ̀ kò gbọdọ̀ bà á jẹ́. Irú ohun bẹ́ẹ̀, bí ó bá wọ ara ẹran tàbí ti ènìyàn, ẹ̀dọ̀ kò rí ibi gbá a mú láti fọ́ ọ, omi kò lè ṣàn án dànù. Inú ọ̀rá ni ó ń lọ farabalẹ̀ sí. Kìkì ọ̀nà kan ni ó rọrùn fún un láti gbà jáde, ọ̀nà náà sì ni wàrà, nítorí ọ̀rá wà nínú wàrà. Nínú ara ènìyàn, ó gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ó tó dínkù dé ìlàjì. Títí di ọdún àìpẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Emory ṣì ń bá a nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Michigan tí wọ́n ń tẹ̀ lé ọ̀ràn wọn.

Ẹnìkan lè wí pé àṣìṣe àpò ni èyí, pé kì í ṣe ẹ̀bi èròjà náà bí a bá fi í fún màlúù jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ìbá tọ̀nà bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá ṣe àṣìṣe nìkan ni èròjà adènà-iná ń kúrò níbi tí a fi í sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni a ń gbà fi í sínú ike. Èkíní dàbí ilà ojú: èròjà náà di ara ike, ẹyọ rẹ̀ so mọ́ ẹyọ ike, a kò sì lè yà wọ́n láìba ike náà jẹ́. Báyìí ni a ṣe ń fi brómíìnì sínú ọ̀pọ̀ pátákó tí a to ẹ̀yà kéékèèké rédíò àti kọ̀ǹpútà lé lórí. Ọ̀nà kejì dàbí osùn. A kàn pò ó mọ́ ike ni; kò so mọ́ ọn. Osùn ara ìyàwó kì í dúró sí ara ìyàwó nìkan: ẹni tí ó bá dì mọ́ ọn, ẹní tí ó bá sùn lé, ògiri tí ó bá fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn ni yóò pọ́n. Èròjà tí a pò lásán yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú tìmùtìmù, yóò bá eruku ilé lọ, ọmọ tí ń rákò yóò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́nu. Ọ̀nà osùn ni owó rẹ̀ dínkù, òun ni ó sì gbòde.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èròjà kan tí a ń pè ní Tris ni a fi ń rẹ aṣọ ìsùn àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, nítorí òfin sọ pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tètè gbiná. Ní oṣù kìíní 1977, Arlene Blum àti Bruce Ames kọ̀wé pé èròjà náà ń yí ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì padà. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà ni ìjọba fòfin de aṣọ wọ̀nyẹn. Àwọn mìíràn tún fi Tris oníkílórínì rọ́pò rẹ̀, òun náà kò sì pẹ́ kí a tó fura sí i. Irú ìrọ́pò báyìí ti di àṣà nínú iṣẹ́ náà: a lé ìyá jáde, a gba ọmọ rẹ̀ wọlé.

Àwọn tí ó gba ipò èròjà Michigan ni ìdílé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PBDE. A fi wọ́n sínú fóòmù àga, a fi wọ́n sínú àpótí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí àṣìṣe àpò kankan. Ní Sweden, a ti ń tọ́jú wàrà ọmú àwọn abiyamọ Stockholm sínú yìnyín láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mú èyí tí a tọ́jú láti 1972 títí dé 1997 jáde, wọ́n rí i pé PBDE inú wàrà náà ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún, nígbà tí àwọn májèlé mìíràn tí a ti fòfin dè ń dínkù. Nǹkan yìí ni ó jí Yúróòpù. Òfin wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 2006 kò gbà kí PBDE tàbí èròjà Michigan ju ìdá kan nínú 1,000 ike ẹ̀rọ tuntun lọ. Àdéhùn Stockholm, tí Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀, fi oríṣi PBDE méjì àti èròjà Michigan sínú àwọn tí a ó kásẹ̀ wọn nílẹ̀ ní 2009. Ó sì fi èyí tí ó kù tí a ń lò jù sí i ní 2017.

Ṣùgbọ́n òfin tí ó de ẹ̀rọ tuntun kò de ògbólógbòó, ọ̀nà Èkó sì ni ọ̀pọ̀ ògbólógbòó gbà. Ìwádìí kan tí ẹgbẹ́ Basel Action Network ṣe ní 2005 sọ pé nǹkan bí 500 àpótí ọkọ̀ òkun tí ó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣooṣù, àti pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú wọn kò ṣeé tún ṣe. Tẹlifíṣọ̀n tí a fi PBDE ṣe ní Yúróòpù kí òfin tó dé, ẹ̀yìnkùlé Alábà ni ó ti ń parí ayé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ irú àpótí tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì bá èròjà náà nínú wọn. Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀rọ iná mànàmáná, tí a ṣe ní 2011, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti sun irú ike bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá bàbà nínú wáyà kò ka òfin náà. Ibi tí ewu ti ga jù sì nìyí, nítorí iná kékeré tí a dá lórí ilẹ̀ kò gbóná tó láti fọ́ èròjà brómíìnì dànù pátápátá; ó kàn ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di dáyọ́síìnì ni, májèlé tí ó le ju ìyá tí ó bí i lọ. Ohun tí a ṣe kí iná má baà pa ènìyàn ni iná ń sọ di ohun tí ń pa á.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Alumíníọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ̀sì ti gba ọ̀pọ̀ ibi tí brómíìnì jókòó sí tẹ́lẹ̀. California, tí òfin rẹ̀ ti 1975 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ipá mú gbogbo Amẹ́ríkà láti fi èròjà sínú fóòmù àga, yí òfin náà padà ní 2013: aṣọ tí ó bo àga ni a ń dán wò nísinsìnyí pẹ̀lú sìgá tí ń jó lábẹ́lẹ̀, aṣọ líle sì lè yege láìsí èròjà kankan nínú fóòmù. Èyí tí ó kù ni ike tí ó ti wà nílẹ̀. Àwọn tí ń tún ike rọ nílò láti mọ èyí tí ó ní brómíìnì yàtọ̀ sí èyí tí kò ní, kí èyí tí ó ní i má baà di ṣíbí tàbí nǹkan ìṣeré ọmọdé. Ẹ̀rọ kan wà tí ń fi ìtànṣán mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà tí ó dínwó ni agbada omi. Brómíìnì wúwo, ike àpótí tẹlifíṣọ̀n tí kò ní i wúwo ju omi lásán lọ díẹ̀ péré. Nítorí náà, a ó da iyọ̀ sínú omi títí yóò fi wúwo ju omi lásán lọ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá, a ó fọ́ ike náà sí wẹ́wẹ́, a ó sì dà á sí i. Èyí tí kò ní brómíìnì yóò léfòó. Èyí tí ó bá rì ni a ó yà sọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ike páìpù omi àti ti wáyà, tí kílórínì wà nínú wọn, yóò bá a rì pẹ̀lú.